Ewúrẹ́ Oníwo Kan ní Èèkàn Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bó bá ń bọ̀ lọ́nà, ilẹ̀ á ti mọ̀. Awọnlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ sì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, látorí ọ̀gá pátápátá dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì kan, eku sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Wọ́n ní bàtà méjìlélógójì ló ti gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn kan ní ó tó ọgọ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ọgọ́ta, ẹsẹ̀ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fi ń yangàn nìyí. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ yòókù ń rán ẹ̀rọ kékeré tó ń fò bí ẹyẹ lọ ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, òun a fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bó bá dé ibi tó yẹ, a kan èèkàn onígi tí orí rẹ̀ pupa mọ́lẹ̀, a fìdí kalẹ̀ lórí òkúta, a sì kọ ohun kan ṣoṣo tó rí níbẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ aláwọ̀ ewé. "Èèkàn kẹrin: igi tí àrá sán, ó ṣì ń rúwé." "Èèkàn kẹsàn-án: ajá dúdú, ó gbó mi títí mo fi lọ." Kò sí òfin ilé iṣẹ́ kankan tó ní kó máa kọ ọ́. Òfin tirẹ̀ ni.

"Ẹyẹ ò mọ ẹ̀gún," ni yóò wí fún àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹsẹ̀ ò bá dé, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dàgbà. Ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá sì ń gbé e lé èjìká lọ síbi iṣẹ́. Òun ló ń di orí okùn ìwọ̀n kejì mú. Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ìsọdipúpọ̀, ó ti mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà láàárín ilé wọn àti ilé ìwé, àti pé ti òjò pọ̀ ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ nítorí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ tí èèyàn ń yà fún. Ó kàwé kàwé, ó di ẹnjiníà àwọn ọ̀pá irin tí afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn kọjá, orí sì dá a padà sí ilé iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti gbàgbé orúkọ ọmọ. "Ẹnjiníà" ló ń pè é, níwájú èèyàn àti nínú ilé, bí ẹni tó ní oyin lẹ́nu tí kò fẹ́ gbé e mì.

Ní ọdún yẹn ni orílẹ̀-èdè méjì tó mú ilé tira wọn pinnu pé àwọn yóò jọ ri ọ̀pá sílẹ̀, yóò gba orí ààlà kọjá, yóò sì so àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ìhà méjèèjì pọ̀. Háídírójìn ni yóò máa gba inú ọ̀pá náà. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi iná mànàmáná yọ lára omi ni. Létí odò ìhà tiwa ni wọ́n á ti máa yọ ọ́, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin yóò sì máa lò ó dípò èédú. Ohun tó bá kù yóò sọdá lọ sí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ àti ti gíláàsì lọ́hùn-ún. Èéfín kò ní sí, àfi ooru omi bíi ti kẹ́túlù.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ní ìwà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ, ihò tí omi wò tó ní òun ò lè gbà, òun a gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bó bá gbiná ní ọ̀sán gangan, ojú lásán lè má rí iná ọ̀hún. Nítorí náà ni àwọn méjèèjì ṣe fi òfin de ara wọn: ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé èyíkéyìí ní igba ìgbésẹ̀, ó kéré tán. Ẹnjiníà ni wọ́n fi ṣe olórí ètò ní ìhà tiwa. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n fún ní apá tó kángun sí ààlà, èèkàn mẹ́tàdínlógójì.

Ó rin ogún. Kò sí irọ́ nínú ogún yẹn, òógùn ni gbogbo rẹ̀. Ní èèkàn ogún ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú bí ìkòkò, tó ń lù kìkì bí ẹni pé aago wà nínú rẹ̀. Orúnkún náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọdún kan sẹ́yìn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ti wí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro, àga tó tutù wà nínú ọ́fíìsì." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga yẹn wọ̀ ọ́ lára bí òtútù. Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ tó jókòó sórí àga, kí ni wọ́n á wá máa pè é? Afìdíwọnlẹ̀?

Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó wo ọ̀nà tó kù. Ó rántí pé òun ti rin ibẹ̀ rí, ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Igbó ni, koríko ni, odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì pààlà. Igbó kì í lọ ibì kankan, àbí? Ó dìde, ó tiro padà sídìí ọkọ̀, ó sì darí sílé.

Lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀, pẹ̀lú tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló ti fi bírò rin mẹ́tàdínlógún yòókù. Nígbà tó sì jẹ́ pé èèkàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tirẹ̀ nínú ìwé, ó wá a fún wọn. Ká má parọ́ lórí irọ́, ó gbádùn ẹ̀. Ó fún èèkàn kẹrìnlélógún ní ìtẹ́ ẹyẹ. Ó fún kẹtàdínlọ́gbọ̀n ní bàtà ọmọdé kan tó ti ya. Nígbà tó dé ìkọkànlélọ́gbọ̀n, ó mu tíì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Ewúrẹ́ oníwo kan, ó ń wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀." Èèkàn onígi mẹ́tàdínlógún tó kù, ó tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Orúnkún rọlẹ̀ díẹ̀, irọ́ sì dákẹ́ síbi tó wà, títí di ọjọ́ tí àwọn ará ìhà kejì wá kí ìhà méjèèjì lè so àwòrán wọn pọ̀.

Yàrá ńlá kan ni, tábìlì gígùn, fèrèsé mẹ́fà, ife omi níwájú oníkálukú. Ìhà tiwa jókòó lápá ọ̀tún, àwọn àlejò lápá òsì, wọ́n sì tẹ́ àwòrán méjèèjì sáàárín, wọ́n tì wọ́n súnmọ́ra títí etí fi kan etí. Ìlà pupa tiwa bá ìlà pupa tiwọn pàdé létí odò, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Wọ́n fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà yẹn ni awọnlẹ̀ ìhà kejì nawọ́. Obìnrin arúgbó kan ni, irun rẹ̀ funfun báláú, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń pè é ní Ìyá Onígíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Nígbà tí mo dé etí odò ní ìhà tiwa, mo wo ìhà tiyín. Ilé ni mo rí. Mo kà á, ó tó mẹ́rìnlélógún. Wọ́n sá aṣọ síta. Orí ilé wọn gan-an sì ni ìlà yín gbà."

Gbogbo ojú yí sí Ẹnjiníà. Ẹnjiníà dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, kò tilẹ̀ wo bàbá rẹ̀, nítorí kò rí ìdí tó fi yẹ kó wò ó.

"Mà, bóyá ojú ló tàn yín," ó ní. "Bàbá mi ló wọn ibẹ̀, wọn kì í lo ẹyẹ. Òfin wọn ni pé ibi tí ẹsẹ̀ ò bá dé, ọwọ́ ò gbọdọ̀ kọ ọ́. Gbogbo èèkàn ló ní ẹ̀rí. Ẹ gbọ́." Ó ṣí ìwé aláwọ̀ ewé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Ó ka ìtẹ́ ẹyẹ. Ó ka bàtà ọmọdé. Nígbà tó ka ewúrẹ́ oníwo kan, yàrá bú sẹ́rìn-ín, àti àwọn ọ̀gá, àti àwọn àlejò. Ìyá Onígíláàsì náà rín in, gíláàsì ń jó lórí àyà rẹ̀.

"Ẹni tí kò dé ibẹ̀," Ẹnjiníà ní, "níbo ló ti máa rí irú ewúrẹ́ yìí?"

Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ jókòó ní igun tábìlì, etí rẹ̀ ń gbóná bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lé e. Ọ̀gá yíjú sí i. "Baba, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ilé wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Bàbá ní, "Nígbà tí mo lọ, n ò rí ilé kankan."

Òótọ́ sì ni. Nígbà tó lọ, ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò rí ilé. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé ó fi òótọ́ pa irọ́.

"Ẹ ò rí i?" Ẹnjiníà ní. "Mo fi orúkọ mi dúró lé e. Bí ilé bá wà níbẹ̀, ẹ gba ètò yìí lọ́wọ́ mi."

Ìyá Onígíláàsì rọra gbé gíláàsì sójú, ó wo bàbá, ó wo ọmọ. "Kò le tó bẹ́ẹ̀," ó ní. "Lọ́la ká jọ lọ wò ó. Èmi náà fẹ́ rí ewúrẹ́ yẹn."

Nígbà tí Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Àwọn èèkàn wà níbẹ̀, orí pupa mẹ́tàdínlógún, eruku ti bò wọ́n. Ó rò ó pé kí òun kó wọn sínú àpò, kí òun sáré lọ kàn wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi í pé, "Àwa pẹ̀lú ta ni?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀. Awakọ̀ wà níwájú pẹ̀lú Ìyá Onígíláàsì, bàbá àti ọmọ lẹ́yìn. Awakọ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n Afẹsẹ̀wọnlẹ̀, ewúrẹ́ yín ti di gbajúmọ̀ o! Lánàá, àwọn tó wà nídìí géètì ń bi mí pé ìwo ọ̀tún ló ní àbí ti òsì."

"Wa ọkọ̀ ẹ," ni bàbá wí.

"Mò ń wà á. Mo kàn ní kí n bi yín kí a tó débẹ̀ ni, kí n má baà kí ewúrẹ́ ẹlòmíì."

Ìyá Onígíláàsì rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́. Ẹnjiníà fà sún mọ́ bàbá rẹ̀. Ó mú nǹkan jáde látinú báàgì: ìbọ̀sẹ̀ tuntun, èyí tó nípọn. "Bàámi, ẹ wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín ti lu. Ẹ má dá awakọ̀ yẹn lóhùn. Ẹ kàn fi èèkàn hàn wọ́n ni, ká máa padà."

Ó gba ìbọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló la ẹnu láti sọ òótọ́. Nígbà àkọ́kọ́, awakọ̀ fun fèrè. Nígbà kejì, Ẹnjiníà gbé orí lé e léjìká bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀rọ̀ sì padà wọ inú ọ̀fun. Nígbà kẹta, kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Ìtìjú ni.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní èèkàn ogún, tó ṣì dúró, tí orí rẹ̀ pupa dáadáa. Ẹnjiníà fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́. "Ó dáa. Bàámi, ẹ ṣáájú."

Ó ṣáájú. Kí ni kó ṣe? Ó ń tiro, ó ń díbọ́n pé òun ń wá nǹkan nílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Ibi èèkàn kọkànlélógún, kò sí nǹkan. Ìkejìlélógún, kò sí. Ẹnjiníà ní, "Àwọn èèyàn á ti fà á tu, wọ́n á ti fi dáná." Ìyá Onígíláàsì ń wo orúnkún bàbá.

Wọ́n gun òkè díẹ̀, wọ́n sì rí ilé. Kì í ṣe mẹ́rìnlélógún, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, bíríkì àti páànù, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, aṣọ lórí okùn, tánkì omi dúdú lórí igi mẹ́rin. Obìnrin kan ń fọ aṣọ níwájú ilé àkọ́kọ́, apá rẹ̀ kún fún ìhó ọṣẹ dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," Ẹnjiníà ní. "Ẹ dákun, ilé yìí, ṣé oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ọ?"

Afọṣọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Oṣù? Ọdún mọ́kànlá la ti wà níbí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ló pọ̀ jù níbí, ibẹ̀ ni ọkọ mi náà wà."

"Àwọn èèyàn wá wọnlẹ̀ níbí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àbí? Bàbá yìí."

Afọṣọ náà nu ọwọ́, ó wo Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò kánjú. "N ò rí i rí. Níbí, bí àlejò bá sín, gbogbo wa la máa ń kí i pẹ̀lẹ́."

Ìyá Onígíláàsì yára sọ̀rọ̀, àánú sì wà nínú ohùn rẹ̀. "Bóyá ọ̀nà ẹ̀yìn ni Bàbá gbà. Igbó tún wà lẹ́yìn ọ̀hún." Ó ṣí ilẹ̀kùn àwáwí fún un, gbayawu. Ẹnjiníà sì gbá ilẹ̀kùn náà mú. "Bẹ́ẹ̀ ni! Bàámi, ẹ fi ọ̀nà tí ẹ gbà hàn wọ́n."

Ojú ọmọ náà mọ́ gaara. Kò sí iyèméjì nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì pa bàbá. Kí ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ fura, ì bá sàn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, orúnkún kọ̀. Ó jókòó sórí bíríkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n aṣọ, ìbọ̀sẹ̀ tuntun nínú bàtà àtijọ́.

"Ẹnjiníà," ó ní, "n ò dé ibí."

"Ibí kọ́, Bàámi. Ọ̀nà ẹ̀yìn."

"N ò dé ọ̀nà ẹ̀yìn. Ogún ni mo rìn. Orúnkún mi dá mi dúró, mo sì padà sílé lọ kọ ìyókù."

Ẹnjiníà dúró. "Bàtà ọmọdé yẹn ńkọ́?"

"Irọ́ ni."

"Ewúrẹ́?"

"Èmi ni mo bí i, lórí tábìlì."

"Èèkàn mẹ́tàdínlógún yẹn dà?"

Èyí ló le jù. Ó wo ìhó ọṣẹ tó ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọpọ́n. "Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn mi."

Awakọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wo ojú sánmà. Afọṣọ náà fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnjiníà ò pariwo, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún. Ó na ọwọ́ síwájú bàbá rẹ̀, bíi ti ìgbà tó máa ń béèrè orí okùn ìwọ̀n, bàbá sì fi ìwé aláwọ̀ ewé náà sí i lọ́wọ́. Ó yọ bírò, ó kó o papọ̀ pẹ̀lú ìwé náà, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún un.

"Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀," ó ní. Ó yíjú sí Ìyá Onígíláàsì. "Ẹ ṣàánú mi, mà, ẹ jẹ́ ká jọ rin ìyókù."

Àwọn obìnrin méjèèjì lọ. Bàbá ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń ka ìgbésẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilé, tí ohùn ń rẹlẹ̀ sí i. Ó ṣí ìwé náà lórí orúnkún tó wú. Ní ẹ̀gbẹ́ èèkàn kọkànlélógún, ó kọ ọ́ pé: "N kò dé ibí." Ní ẹ̀gbẹ́ ìkejìlélógún, "N kò dé ibí." Bírò rẹ̀ ń lọ bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wa kòtò. Ó dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́, ó sì dúró.

Ewúrẹ́ kan yọ ní kọ̀rọ̀ ilé. Kò sí ẹni tó pè é. Ìwo rẹ̀ pé méjì, wọ́n dúró ṣánṣán, ó jẹ ewé kan, ó wo Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ mu omi, Bàbá," ni afọṣọ náà wí, ó gbé ife kan fún un. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ri ọ̀pá sábẹ́ ilé wa?"

"Èmi ni."

"Ọ̀pá kí ni?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ó sọ ti afẹ́fẹ́ tí kò ní òórùn, ti iná tí ojú lè má rí ní ọ̀sán. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo àwọn aṣọ orí okùn. Ti ọmọ kéékèèké pọ̀ nínú wọn. Ìgbà yẹn ni ìtìjú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìsàlẹ̀. Títí di ìgbà náà, nítorí orúkọ rẹ̀ ni ojú fi ń tì í.

"Wọn ò ní rì í síbí mọ́," ó ní.

"Nítorí pé ẹ ti wá," afọṣọ náà ní.

"Nítorí pé ìyá yẹn wo òdì-kejì odò," ó ní. "Kì í ṣe nítorí mi."

Nígbà tí Ẹnjiníà padà dé, eruku ti gun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó gba ìwé, ó ka "N kò dé ibí" lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, kò fo ọ̀kan. Ó wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ìyẹn ló fi dun ni jù.

"Láti èèkàn kìíní dé ogún, Bàámi, ṣé ẹ rìn ín?"

"Mo rìn ín. Mo fi ìyá ẹ búra."

"Ẹ má fi ìyá mi búra." Ó pa ìwé dé. "Èmi náà á rìn ín."

Ó sì rìn ín. Ó kọ́kọ́ dá ètò náà padà fún Ọ̀gá gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí. Ọ̀gá fi ọ̀sẹ̀ méjì dà á rò kó tó dá a padà fún un, Ìyá Onígíláàsì ló sì kọ lẹ́tà láti òdì-kejì pé ẹni tó bá rin ibi tí wọ́n ti tàn án jẹ ni kí wọ́n fún. Afẹsẹ̀wọnlẹ̀ bọ́ sórí àga tó tutù nínú ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tó pè é ní Afìdíwọnlẹ̀. Wọn ò pè é ní orúkọ ìnagijẹ kankan mọ́, wọ́n ń pè é ní "Bàbá", pẹ̀lú sùúrù, bí a ti ń pe ẹni tó ṣàìsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ẹnjiníà yà sílé rẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó nawọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó kó èèkàn mẹ́tàdínlógún náà sápá bí igi ìdáná. Bó ṣe ń jáde, ó gbé ìwé aláwọ̀ ewé sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì, kò sì jókòó.

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ, bàbá ṣí i. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èèkàn kìíní, ọmọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ó rí bẹ́ẹ̀." Ní ìkejì: "Ó rí bẹ́ẹ̀." Ní ìkẹrin: "Igi náà ṣì ń rúwé." Ó ń ṣí i lọ, títí ó fi dé ìkẹsàn-án, níbi tí ajá dúdú wà.

"Ajá ti kú," ni ọmọ rẹ̀ kọ. "Ẹni tó ni ajá náà ní òun rántí ọkùnrin kan tó ń tiro. Ó ní òun sọ fún un pé kó padà sílé."